Àjàyí Crowther: Láti Òṣoògùn dé Ojú Omi Ogun Èkó

Bí ènìyàn bá gbọ́ nípa ogun ojú omi, Òkè-Ògùn kọ́ ni ọkàn rẹ̀ yóò kọ́kọ́ lọ. Láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, ilẹ̀ ọ̀dàn ni tiwa: koríko gíga, igi irú, oko iṣu àti àgbàdo, àpáta tó yọrí gọngọ. A kò ní òkun, a kò ní ọ̀sà. Odò tí a fi ń yangàn ni odò Ògùn, tí àwọn baba wa gbà pé Yemọja ló ni ín. Agbègbè Ṣakí ni odò náà ti ṣẹ̀ wá. Ó gba ilẹ̀ Ìsẹ́yìn kọjá, níbi tí wọ́n ti sé e ní Ìkérè, ó la Abẹ́òkúta já, ó sì ṣàn títí ó fi wọ inú ọ̀sà Èkó.

Bí omi yẹn ṣe ń ti Òkè-Ògùn lọ sí Èkó náà ni ọmọkùnrin kan ṣe ti ibẹ̀ lọ ní ọdún 1821. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé okùn wà lọ́rùn tirẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Àjàyí. Gbogbo wa ní ẹ̀ka yìí la mọ̀ ọ́n, nítorí kò sí bí a ṣe máa sọ ìtàn àkọtọ́ Yorùbá tí a kò ní dárúkọ Samuel Àjàyí Crowther. Ohun tí a kì í sábà sọ ní kíláàsì ni pé ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yí ìgbésí ayé ọkùnrin yìí padà lójú omi Èkó. Ní ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n gbà á lóko ẹrú. Ní ìgbà kejì, òun fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ kí ọ̀ràn Èkó tó di ti ìbọn. Láàárín ìgbà méjèèjì yìí ni mo fẹ́ kí á ti wo ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀.

Ọmọ ahunṣọ

Ní nǹkan bí ọdún 1809 ni wọ́n bí i ní Òṣoògùn, ìlú tó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìsẹ́yìn lónìí. Ó dojú bolẹ̀ wáyé ni wọ́n ṣe pè é ní Àjàyí. Orúkọ àmútọ̀runwá ni, kì í ṣe èyí tí ẹnikẹ́ni ń jókòó ronú kàn. Ahunṣọ ni bàbá rẹ̀, iṣẹ́ tí Ìsẹ́yìn ṣì fi ń jẹ́ Ìsẹ́yìn títí di òní. Ìdílé olórìṣà ni ti ìyá rẹ̀, Àfàlá, tó ń bọ Ọbàtálá. Bí ayé bá dára ni, ó ṣeé ṣe kí Àjàyí jókòó ti òfì bíi bàbá rẹ̀, kí ó dàgbà, kí ó sì kú sí Òṣoògùn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ìlú náà gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Ayé kò dára. Agbára Ọ̀yọ́ Ilé ti ń yẹ̀ nígbà náà. Àfọ̀njá ti kẹ̀yìn sí Aláàfin ní Ìlọrin, àwọn ọmọ ogun tó kóra jọ lábẹ́ ìyapa yẹn sì ń káàkiri, wọ́n ń fọ́ ìlú, wọ́n ń kó ènìyàn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1821, bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ òwúrọ̀ lọ́wọ́ ní Òṣoògùn, ogun wọ̀lú. Fúlàní wà nínú wọn, Yorùbá tó jẹ́ Mùsùlùmí wà nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹrú tó ti sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn. Bàbá Àjàyí sáré wá sílé láti sọ fún ìdílé rẹ̀ kí wọ́n sá àsálà, ó sì padà sí ojú ìjà. Wọn kò rí i mọ́. Wọ́n mú Àjàyí, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀, wọ́n so wọ́n mọ́ra bí ẹní so ewúrẹ́, wọ́n sì dá wọn lọ́nà Ìsẹ́yìn.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti pín ẹrú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fi Àjàyí pààrọ̀ ẹṣin kan. Nígbà tó yá, ẹṣin náà kò tẹ́ ẹni tó gbà á lọ́rùn, wọ́n dá a padà, ọmọ náà sì tún di ọjà. Láàárín nǹkan bí ọdún kan, ó ti ọwọ́ olówó kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn. Obìnrin Mùsùlùmí kan rà á. Lẹ́yìn èyí, tábà àti ọtí ni wọ́n fi rà á. Ẹ̀rù tó ń bà á jù ni pé wọn yóò tà á fún àwọn Potogí, nítorí ẹni tó bá dé ọwọ́ wọn kì í padà. Ó tilẹ̀ rò ó lóru láti pa ara rẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò gbà á ni. Nígbà tí wọ́n mú un dé etí omi Èkó, kò fẹ́ wọ ọkọ̀. Ọmọ ọ̀dàn ni, kò rí irú omi bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 7, oṣù kẹrin, 1822

Ó lo oṣù bíi mẹ́ta ní Èkó kí wọ́n tó tà á fún Potogí. Wọ́n fi ẹ̀wọ̀n so òun àti àwọn yòókù pọ̀ mọ́ra lọ́rùn, ọmọdé àti àgbà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Esperanza Felix. Ẹrú 187 ló wà nínú ọkọ̀ náà. Ìrètí aláyọ̀ ni ìtumọ̀ orúkọ yẹn.

Ọkọ̀ náà kò tíì jìnnà nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì méjì, Myrmidon àti Iphigenia, ká a mọ́ ojú òkun. Kò ṣèèṣì rí bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1807 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de òwò ẹrú fún àwọn ọmọ ilẹ̀ wọn, wọ́n sì ń rán ọkọ̀ ogun lọ máa ṣọ́ etíkun wa. Ní ọdún 1815, Potogí fọwọ́ sí i pé àwọn kò ní ṣe òwò náà mọ́ ní apá àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Èkó sì wà ní apá àríwá ìlà náà. Nítorí náà, ọkọ̀ Potogí tó bá kó ẹrú ní Èkó ti di ẹran òfin, ọkọ̀ ogun sì lè mú un.

Àwọn ọmọ tí wọ́n gbà sílẹ̀ kò mọ̀ pé ìgbàlà ló dé. Nígbà tí wọ́n kó Àjàyí àti àwọn ọmọkùnrin díẹ̀ sínú Myrmidon, wọ́n rí ẹran tó rọ̀ káàkiri, wọ́n rí àwọn nǹkan dúdú ribiti tí wọ́n tò jọ. Wọ́n gbà pé ẹran ara ènìyàn ni wọ́n sá, àti pé orí ènìyàn ni wọ́n tò. Ìgbà tí wọ́n sún mọ́ ọn ni wọ́n tó rí i pé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni èkíní, ọta àgbá sì ni èkejì. Ẹ jẹ́ kí á fi ọta àgbá yẹn sọ́kàn, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀ níwájú. Ọ̀gá ọkọ̀ Myrmidon ń jẹ́ Henry Leeke. Ẹ fi orúkọ tirẹ̀ náà sọ́kàn.

Ọjọ́ 17, oṣù kẹfà, ọdún yẹn ni wọ́n gúnlẹ̀ sí Sàró, ìyẹn Sierra Leone.

Àwọn Akú ní Freetown

Ní Sàró, Àjàyí kọ́ ìwé bí ẹni tí ebi ìwé ń pa. Ọjọ́ 11, oṣù kejìlá, 1825 ni wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un, tí ó sì gba orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan, Samuel Crowther. Ní 1826, wọ́n mú un lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún oṣù díẹ̀. Nígbà tó padà dé, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1827. Ó di olùkọ́, ó sì fẹ́ Asano, tí wọ́n ń pè ní Susan lẹ́yìn ìrìbọmi, ọmọbìnrin tí wọ́n gba òun náà sílẹ̀ lọ́wọ́ òwò ẹrú.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀dá-èdè. Lásìkò yẹn, kò sí ẹni tó ń pe gbogbo àwa tí à ń sọ èdè yìí ní Yorùbá. Àwọn Ọ̀yọ́ ni àwọn Haúsá ń fi orúkọ yẹn pè. Ẹ̀gbá ń jẹ́ Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú ń jẹ́ Ìjẹ̀bú, Ìjẹ̀ṣà ń jẹ́ Ìjẹ̀ṣà. Inú Freetown ni ogun ti kó gbogbo wọn pọ̀ sí àdúgbò kan ṣoṣo. Àwọn ará ibẹ̀ sì ń pè wọ́n ní Akú, nítorí pé láti àárọ̀ títí di alẹ́, ẹ kú èyí, ẹ kú tọ̀hún ni wọ́n ń gbọ́ lẹ́nu wọn. Ọmọ tó ti Òṣoògùn kúrò pẹ̀lú ẹ̀ka-èdè Ọ̀yọ́ wá ń gbọ́ gbogbo ẹ̀ka-èdè yòókù lójoojúmọ́, ní ọjà, ní ilé ìsìn, ní kíláàsì tó ti ń kọ́ni. Irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ kò lè sí nílé nígbà náà, nítorí ogun kò jẹ́ kí ará ìlú kan rìn dé ìlú kejì.

Ní 1841, ó bá ìrìnàjò odò Ọya lọ pẹ̀lú J. F. Schön, Jámánì tó mọ èdè dáadáa. Ibà pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn òyìnbó tó lọ, àmọ́ iṣẹ́ Crowther hàn sí àwọn tó rán wọn. Ní 1843, wọ́n fi jẹ àlùfáà ní Lọ́ńdọ́nù. Ọdún yẹn kan náà ni ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ jáde, tí gírámà ṣáájú inú rẹ̀. Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sílẹ̀. Hannah Kilham ti ṣe díẹ̀, John Raban sì ti tẹ ìwé pélébé nípa èdè Akú jáde ní nǹkan bí 1830. Ìyàtọ̀ ni pé Crowther ni ọmọ onílẹ̀ àkọ́kọ́ tó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì pe èdè náà ní Yorùbá lójú ìwé. Orúkọ tó wà fún apá kan wá di ti gbogbo wa.

Àfàlá

Oṣù kìíní 1845 ni òun, Henry Townsend àti Gollmer dé Àgbádárìgì. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ, àmọ́ Ṣódẹkẹ́ tó ń retí wọn ti kú, ọ̀nà sì dí. Ọdún kan àtààbọ̀ ni wọ́n fi wà ní Àgbádárìgì. Ní 1846 ni wọ́n tó dé Abẹ́òkúta.

Ọjọ́ 21, oṣù kẹjọ, ọdún náà ni ìyá arúgbó kan tọ̀ ọ́ wá. Àfàlá ni. Ọdún 25 ti kọjá láti ìgbà tí wọ́n ti pínyà lójú ọ̀nà oko ẹrú. Ìyá ti di ẹrú, wọ́n ti rà á padà, wọ́n tún ti mú un. Ọmọ ti di àlùfáà tó wọ kóòtù òyìnbó. Wọ́n wo ara wọn, ohùn kò jáde. Nígbà tí ohùn jáde, èdè Òṣoògùn ni wọ́n jọ sọ. Ní 1848, Crowther rí ìyá rẹ̀ nínú àwọn tó kọ́kọ́ ṣe ìrìbọmi ní Abẹ́òkúta. Hánà ni wọ́n pè é, bí ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì.

Ogun Àgídìngbì

Abẹ́òkúta kò ní ìsinmi. Dahomey kógun tì í ní ọjọ́ 3, oṣù kẹta, 1851, àwọn Ẹ̀gbá sì lé wọn padà. Ní apá Èkó ẹ̀wẹ̀, Kòsọ́kọ́ ti gba oyè lọ́wọ́ àbúrò bàbá rẹ̀, Akíntóyè, láti 1845. Akíntóyè sá lọ, ó sì já sí Àgbádárìgì, níbi tí ó ti ń ṣèlérí fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì pé bí wọ́n bá dá òun padà sórí oyè, òun yóò fòpin sí òwò ẹrú. Etíkun Èkó tí wọ́n ti kó Àjàyí wọ ọkọ̀ ní 1822 ṣì ń kó ẹrú jáde.

Ọdún 1851 yìí ni Crowther lọ sí Lọ́ńdọ́nù. Ó bá Palmerston sọ̀rọ̀, ẹni tó ń bójú tó ọ̀ràn ilẹ̀ òkèèrè. Ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ó wà ní Windsor níwájú Ọbabìnrin Victoria àti ọkọ rẹ̀, ó sì gbàdúrà Olúwa fún wọn ní Yorùbá. Èdè náà dùn létí Ọbabìnrin. Ohun tó ń sọ fún gbogbo wọn kò yàtọ̀: níwọ̀n ìgbà tí Èkó bá ṣì ń ta ẹrú, ogun kò ní tán nílẹ̀ Yorùbá, bí Akíntóyè bá padà, tí ọ̀nà odò Ògùn sì ṣí, òwò epo àti òwú yóò gba ipò òwò ènìyàn. Ó mọ ohun tó ń sọ. Ara rẹ̀ ni ẹ̀rí.

Kò ní bójú mu kí á sọ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìkan ló mú ogun wá. Palmerston ní èrò tirẹ̀, àwọn oníṣòwò ní tiwọn, Akíntóyè ní tirẹ̀, àwọn míṣọ́nárì ní tiwọn. Ìjà àkọ́kọ́ tilẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 25, oṣù kọkànlá, ọjọ́ méje péré lẹ́yìn àbẹ̀wò Windsor, nígbà tí kò sí bí ọ̀rọ̀ kan ṣe lè ti Lọ́ńdọ́nù dé Èkó láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Beecroft, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ló kó wọn wá. Kòsọ́kọ́ kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé, àwọn ará Èkó sì lé wọn padà.

Ní ọjọ́ 26, oṣù kejìlá, àwọn Gẹ̀ẹ́sì padà wá. Àwọn ọkọ̀ ńlá kò lè gba ẹnu ọ̀sà wọlé nítorí pé omi ibẹ̀ kò jìn tó. Àwọn ọkọ̀ kéékèèké bíi Bloodhound àti Teazer ló wọlé. Kòsọ́kọ́ ti múra. Ó ti ri òpó igi mọ́ inú omi, ó ti gbẹ́ yàrà sí etí omi, ó sì ti to àgbá síbẹ̀. Teazer sọrí mọ́ iyanrìn, ìjà gbóná lé e lórí. Nǹkan bí ènìyàn 15 ló kú nínú àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ó lé ní 70 tó fara gbọgbẹ́. Ní ọjọ́ kejì, rọ́kẹ́ẹ̀tì kan lọ bá ibi tí wọ́n kó ẹ̀tù ìbọn sí nínú ìlú, iná sì ràn. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ 28, Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti bá omi lọ. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n tẹ̀dó sí. Ọjọ́ 1, oṣù kìíní, 1852 ni Akíntóyè fọwọ́ sí ìwé àdéhùn.

Àwọn ará Èkó kò pe ogun náà lórúkọ òyìnbó kankan. Ogun Àgídìngbì ni wọ́n pè é, nítorí ìró àgbá. Àwọn mìíràn pè é ní Ogun Ahóyaya. Ìró ohùn ni orúkọ méjèèjì dá lé. Èdè wa a máa fi ohùn ya nǹkan bí ẹni ya fọ́tò. Ẹni tó gbọ́ àgídìngbì kò nílò àlàyé nípa bí ìlú ṣe mì lọ́jọ́ náà.

Ẹni tó bá fẹ́ wo ojú ibẹ̀ lónìí, kí ó wọkọ̀ lọ sí Marina ní Èkó. Bọ́sítọ́ọ̀pù tí yóò bọ́ sí ń jẹ́ CMS, orúkọ ẹgbẹ́ míṣọ́nárì tó rán Crowther níṣẹ́. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń pariwo rẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ọ̀pọ̀ èrò kò sì mọ ohun tí lẹ́tà mẹ́ta náà dúró fún. Omi ti jìnnà díẹ̀ sí ibi tó wà ní 1851, nítorí pé wọ́n ti fi iyanrìn dí apá kan rẹ̀, wọ́n sì la títì lé e. Síbẹ̀, bí ènìyàn bá dúró sí etí ọ̀sà, tí ó kẹ̀yìn sí àwọn ilé báńkì, ojú omi tí ọkọ̀ ogun gbà wọlé ló ń wò yẹn. Bí ó bá yí padà, yóò rí ṣọ́ọ̀ṣì Cathedral Church of Christ, níbi tí wọ́n ṣe ìrántí Crowther sí. Ìgá Ìdúngànràn, ààfin tí Kòsọ́kọ́ fi sílẹ̀, kò jìnnà síbẹ̀. Àwọn méjèèjì tó dojú kọ ara wọn nínú ìtàn yìí ṣì wà ní erékùṣù kan náà.

Ohun tó tẹ̀lé ogun

Ogun 1851 dá òwò ẹrú dúró ní Èkó. Òtítọ́ ni, kò sì yẹ kí á fojú kéré rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá wọ ilé ẹni láti bá ni lé olè, ó lè má tètè lọ. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ọjọ́ 6, oṣù kẹjọ, 1861, ọkọ̀ ogun Prometheus wà lójú omi Èkó nígbà tí Ọba Dòsùnmú, ọmọ Akíntóyè, fọwọ́ sí ìwé tó sọ Èkó di ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì.

Crowther ń tẹ̀ síwájú ní tirẹ̀. Ó bá ọkọ̀ Pleiad gun odò Ọya ní 1854. Ní 1857, ó dá iṣẹ́ míṣọ̀n sílẹ̀ ní Onitsha, ó sì ṣe ìwé ABD fún èdè Ìgbò. Ó ṣe ti Núpé náà. Ọjọ́ 29, oṣù kẹfà, 1864 ni wọ́n fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó jẹ bíṣọ́ọ̀bù nínú ìjọ Áńgílíkà. Láàárín èrò tó kún ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà, ọ̀gá àgbà ológun ojú omi kan jókòó. Henry Leeke ni, ẹni tó gbà á lóko ẹrú ní ọdún 42 ṣáájú.

Iṣẹ́ tí a ń jẹ nínú rẹ̀

Ní oṣù kìíní 1875, Crowther ṣe alága ìpàdé àkọtọ́ ní Èkó, níbi tí wọ́n ti fìdí bí a ó ṣe máa kọ èdè yìí múlẹ̀. Àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà tí gbogbo wa ń jà fún kí fóònù wa lè tẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn wà lára ohun tí wọ́n jíròrò. Ní 1884, odidi Bíbélì ti wà ní Yorùbá. Ọ̀pọ̀ ló bá a lọ́wọ́ sí i, àmọ́ òun ni òpómúléró iṣẹ́ náà. Ó gbà pé ìtumọ̀ kò gbọdọ̀ rí bí ọ̀rọ̀ àlejò, nítorí náà ó ń jókòó ti àwọn àgbà, ó ń gbọ́ òwe, ó ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹlẹ́sìn gbogbo.

Ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀ tí Bíbélì náà ń lò: àlùfáà, wòlíì, àdúrà, ìwàásù. Ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí ni gbogbo wọn ti wọ èdè wa. Ọmọ tí ogun tí Mùsùlùmí wà nínú rẹ̀ kó lẹ́rú, tí obìnrin Mùsùlùmí fowó rà, kò torí ìyẹn ta ọ̀rọ̀ wọn nù. Ó rí i pé àwọn ènìyàn ti ń sọ ọ́, ó sì gbé e wọ ìwé tó ṣe iyebíye jù lójú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ńlá nìyẹn fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi ìbínú fọ èdè mọ́.

Kò sí bí a ṣe máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ tán tí a kò ní kan ibi tó ti dunni. Èṣù ni ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ àti Bíbélì Yorùbá fi pe Sátánì. Èṣù tí àwọn baba wa mọ̀ ni òjíṣẹ́, onílé oríta, ẹni tó ń gbé ẹbọ dé ọ̀run. Lẹ́yìn ìtumọ̀ yẹn, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá kò mọ Èṣù kankan mọ́ àyàfi ọ̀tá Ọlọ́run. Ọmọ olórìṣà ni Crowther. Kì í ṣe pé kò mọ̀. Ó yan ohun tó yàn nítorí iṣẹ́ tó gbà láti jẹ́. Àwa tí a mọ agbára ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ lè sọ ọ́ ketekete, kí á má sì torí ẹ̀ ju ìyókù iṣẹ́ rẹ̀ nù.

Ìkẹyìn

Ọjọ́ ogbó rẹ̀ kò rọgbọ. Àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó kan dé sí míṣọ̀n odò Ọya, wọ́n sì gbà pé àwọn Áfíríkà tó ń bá a ṣiṣẹ́ kò kájú ẹ̀. Àṣìṣe wà lọ́wọ́ díẹ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà lóòótọ́, àmọ́ gbogbo wọn ni wọ́n fi òṣùwọ̀n kan náà wọ̀n. Ní ìpàdé kan ní Onitsha ní oṣù kẹjọ 1890, wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró níṣojú rẹ̀. Bàbá tó ti lé ní ẹni 80 ọdún, tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù wọn, dìde, ó kọ̀wé fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ọjọ́ 31, oṣù kejìlá, 1891 ló kú ní Èkó. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹfà 2014, tí wọ́n ń ṣe ìrántí 150 ọdún tó jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, Archbishop Justin Welby tọrọ àforíjì lórí bí ìjọ ṣe ṣe sí i.

Ọmọ ọmọ rẹ̀, Herbert Macaulay, tí wọ́n bí ní 1864, ọdún tó jẹ bíṣọ́ọ̀bù gan-an, ló wá di ẹni tó ń kojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, tó sì gbè sẹ́yìn Ẹlẹ́kọ̀ọ́ àti ìdílé Dòsùnmú. Bàbá àgbà bẹ àlejò wọlé, ọmọ ọmọ ń bi àlejò léèrè ìgbà tí yóò lọ. N kò rí i bí ìtakora. Ẹni tí a fi ẹṣin pààrọ̀ ní Ìsẹ́yìn ní ìdí láti fẹ́ kí ìbọn dún ní Èkó bí ìyẹn yóò bá ti ọjà náà pa. Ẹni tí a bí sínú ìlú tí ìbọn náà gbà ní ìdí láti fẹ́ ẹ padà. Ohun tó le ni láti di òtítọ́ méjèèjì mú pọ̀, kí á má fi ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀.

Nínú gbogbo ohun tí ọkọ̀ ogun fún un àti ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan wà tí kò ti ọwọ́ wọn wá. Ó ti wà lẹ́nu rẹ̀ kí ogun tó wọ Òṣoògùn. Okùn wà lọ́rùn rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, ẹ̀wọ̀n wà lọ́rùn rẹ̀ ní Èkó, èdè ìyá rẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀ ní ibi méjèèjì. Èdè yẹn náà ni a fi ń ṣe ìdánwò, tí a fi ń kọ ìwé àpilẹ̀kọ, tí a fi kọ èyí tí ẹ ń kà lọ́wọ́ yìí.